Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Dá Ọjọ́ Manang Padà

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo rí ètò ìrìnàjò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sùn. Inú mi dùn gan-an. Nígbà tí àwa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè nílùú òyìnbó níbí, àwọn ará wa máa ń bi wá pé kí ló ń lé wa. Lónìí, ẹ̀yin méje lẹ fẹ́ lọ sí Nepal lóṣù kẹwàá láti gba Thorong La kọjá, ìyẹn ọ̀nà gíga kan láàárín òkè. Orí mi wú.

Àmọ́ nígbà tí mo dé ọjọ́ kẹta nínú ètò náà, àyà mi já. Ẹ ti fi ìlà pa "ìsinmi ní Manang", abúlé orí òkè tó wà lójú ọ̀nà yín, rẹ́, ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ẹ ó fi ọjọ́ yẹn gbafẹ́ nílùú Pokhara. Èmi náà fa irú ìlà yẹn lọ́dún 2018. Bírò dúdú ni mo fi fà á, lórí tábìlì ilé ìdáná mi, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù, ẹ sì mọ irú bàtà tí kì í bó ni lẹ́sẹ̀, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àkọ́kọ́ ni ìwé. Àwọn tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nínú yín kò ní rí físà gbà ní pápákọ̀ òfurufú Kathmandu bí àwọn tó ń lo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa rí i gbà. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí Nepal ní kí wọ́n lọ gba físà ní ilé iṣẹ́ aṣojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2023 ni ìjọba ibẹ̀ sì ti pàṣẹ pé kí àjèjì má ṣe rin àwọn ọ̀nà òkè wọ̀nyí láìní amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Mo rí i pé àwọn kan nínú yín ń kùn sí owó amọ̀nà. Ẹ má kùn. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ tí ẹ bá kà síwájú.

Èkejì ni owó. Ẹ kó rupee, owó Nepal, tó tó yín dání láti Kathmandu, ẹ má gbójú lé ẹ̀rọ ATM lórí òkè. Ní ti adójútòfò, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye mítà sí nínú ìwé náà, kí ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ kà. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í kọjá 3,000 tàbí 4,000 mítà, bẹ́ẹ̀ Thorong La ga tó 5,416. Èyí tí àwa rà dúró ní 4,000. A kọ orúkọ òkè náà sínú fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wa, wọ́n gba owó wa, wọn ò wí nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀ràn dé, wọ́n ní ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ fi 50 mítà ga ju ibi tí àdéhùn dé lọ. 50 mítà! Cocoa House tó wà n'Ìbàdàn ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ọdún ti gorí ọdún, inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́. Ibí gan-an ni mo ń bọ̀.

Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe ń ga sí i. Besisahar, níbi tí ẹ ó ti wọ jíìpù, kò tó 1,000 mítà. Chame jẹ́ 2,670. Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba ni òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 mítà ló sì ní. Lálẹ́ àkọ́kọ́ yín ní Chame, ibùsùn yín á ti ga ju ṣóńṣó orí rẹ̀ lọ, ẹ ò sì tíì rìn ìrìn gidi kan. Manang jẹ́ 3,540, Yak Kharka 4,050. Thorong Phedi, tó wà lẹ́sẹ̀ òkè gan-an, tó nǹkan bí 4,500. Lẹ́yìn ìyẹn ni La, bí àwọn ará Tibet ṣe ń pe ọ̀nà tó gba àárín òkè kọjá. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀ débi pé nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tí ẹ ń rí fà sínú létíkun Èkó ni ẹ ó máa rí nínú èémí kọ̀ọ̀kan.

Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa òkè ní tí èèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tó máa sùn lálẹ́ má ṣe fi ju 500 mítà ga ju ibi tó sùn lánàá lọ, kó sì fi ọjọ́ kan sinmi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láyé ìgbà tí kò sí títì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń rìn dé Manang, ẹsẹ̀ tó ń fa èèyàn lọ ló sì ń bá ara tọ́jú òfin náà. Jíìpù ló wá ń tan èèyàn jẹ báyìí. Ẹ ó jókòó, ẹ ó máa gbọ́ orin, òkè á sì ga mọ́ yín lórí láìjẹ́ pé ara mọ̀.

Àwa mẹ́rin la lọ ní 2018. Èmi ni mo dàgbà jù, èmi ni mo ṣètò, èmi ni mo di owó mú. Ẹni tó kéré jù láàárín wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, òun ló sì lágbára jù. Lórí òkè Snowdon ní Wales, ó máa ń dúró dè wá lókè. "Bọ̀dá mi" ló ń pè mí. Kò pè mí lórúkọ rí.

A sùn ní Chame, lọ́jọ́ kejì jíìpù gbé wa dé Manang nírọ̀lẹ́. Ilé ìwòsàn kékeré kan tí Himalayan Rescue Association dá sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ní àsìkò ìrìnàjò, àwọn dókítà ibẹ̀ máa ń jókòó ti àwọn arìnrìn-àjò lọ́sàn-án, wọ́n á máa ṣàlàyé àìsàn òkè fún wọn. A ti pẹ́ kí a tó dé, a ò bá wọn níbẹ̀. Amọ̀nà wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, ní ká sùn sí Manang lẹ́ẹ̀mejì, kí òun mú wa gun òkè díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ká sì padà wá sùn nísàlẹ̀. Mo ṣí ètò mi, mo fi ìlà dúdú yẹn hàn án. Ó wò ó, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ní Yak Kharka, gbogbo wa yí sítóòfù ká nínú ilé oúnjẹ. Ìgbẹ́ màlúù òkè tí wọ́n sá gbẹ ni wọ́n fi ń dáná sínú rẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ńtìlì wá, àbúrò mi ò sì jẹun. Mo wò ó. Ó ti fi ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ abẹ́ egungun ìhà òsì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ bí ẹni tó ń di nǹkan mú kó má bàa já bọ́ lápò. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Kò sí nǹkan, Bọ̀dá mi. Inú ló ń run mí díẹ̀." Mo fún un ní oògùn inú rírun. Mo bi í bóyá orí ń fọ́ ọ, ó ní rárá. Mo ní kó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, kó rìn lórí ìlà pákó ilẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá òkè ti mú èèyàn ní ọpọlọ. Ó rìn gbọnrangandan. Ọkàn mi balẹ̀, mo lọ sùn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Gbogbo àmì tí mo kà nínú ìwé ni mo wá, n kò sì rí ìkankan. Àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo ń wá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, amọ̀nà gba àpò àbúrò mi, ó ní ká yí padà sí Manang. Mo ní ká kúkú dé Phedi, kó sinmi níbẹ̀. Mo ń ro owó tí a ti san, mo ń ro ọjọ́ bàálù. Bí a ṣe gun òkè sí i nìyẹn pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ tí ara rẹ̀ kò dá. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan òru, mo gbọ́ ìró kan nínú yàrá. Ó ti ki sìkáàfù rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń sunkún sínú rẹ̀ kí n má bàa jí. Ó ti bì sínú ike omi rẹ̀. Ìrora náà ti gbéra láti ìhà dé èjìká òsì.

Amọ̀nà ò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó lọ jí ẹlẹ́ṣin, wọ́n gbé e gorí ẹṣin, a sì sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri. Ọjọ́ ti mọ́ kedere nígbà tí a dé Manang. Dókítà fọwọ́ tẹ ìhà rẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá, lẹ́yìn náà ló béèrè genotype rẹ̀.

"AS ni."

Ó ti mọ̀ ọ́n láti ilé-ìwé girama. Èmi náà mọ tèmi, AA, nítorí wọ́n ní ká mú un wá kí ṣọ́ọ̀ṣì tó so wá pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni genotype jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ká má bímọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ibẹ̀ la máa ń bá a dé. Kò sí ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin tó rò ó rí pé ó kan òkè.

Ó kàn án. Ẹni tó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn, ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún láìmọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ níbi tí ọ́síjìn ti kéré, tí omi ti dín nínú ara, tí èèyàn sì ń làágùn lórí òkè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, kó sì há sínú ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ ìhà òsì, tí wọ́n ń pè ní spleen. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé nínú rẹ̀ á kú. Kò dé bá gbogbo ẹni tó jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ wọn ti gun òkè gíga, wọ́n sì bọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, nǹkan bí ẹnì kan ló jẹ́ AS. Méje lẹ̀yin.

Hẹlikọ́pítà gbé e lọ sí Kathmandu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, àpò wa la sì ti yọ ọ́. Ilé ìwòsàn ya àwòrán inú rẹ̀, apá kan spleen náà ti kú. Wọn ò yọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀, èmi ni mo ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ló sọ ọ́ fún mi láìwò mí lójú: "Bọ̀dá mi, láti Manang ni mo ti mọ̀ pé ara mi ò dá. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ṣètò ẹ̀. N ò fẹ́ ba ètò yín jẹ́."

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwe yẹn bá ọmọ náà wí lójú mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ló ṣe: ó kúnlẹ̀ fún àgbà nínú ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú ìrora lábẹ́ ìhà. Èmi tó ń gba "Bọ̀dá mi" láàárọ̀ àti lálẹ́ ló yẹ kí n mọ̀ pé orúkọ yẹn lè dí i lẹ́nu.

Ìwọ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n láàárín àwọn méje yìí, ìwọ ni mo ń bá wí. Má ṣe bi wọ́n lójú gbogbo ènìyàn pé ṣé kò sí nǹkan, "kò sí" ni wọn ó máa sọ. Pe ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárọ̀ àti kí wọ́n tó sùn. Bi í bóyá ó jẹun tán, bóyá ó tọ̀, bóyá ó sùn. Ní kó fi ìka kan sí ibi tó ń dùn ún. Kí ẹ tó kúrò nílé, sọ fún wọn pé amọ̀nà ló ni ẹnu ìkẹyìn lórí ká yí padà, kì í ṣe ìwọ, kí o sì sọ ọ́ lójú amọ̀nà náà. Ẹni tó bá jẹ́ AS nínú yín, kó lọ rí dókítà rẹ̀ kó tó san owó bàálù. Tó bá sì lọ, tí ìhà òsì bá dùn ún lókè, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ forí lé ní wákàtí yẹn gan-an, ì báà jẹ́ òru.

Ẹ sì fi ọjọ́ òfìfo sílẹ̀ nítorí ojú ọjọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2014, ìjì líle tó wá láti òkun India di yìnyín lórí Thorong La àti àyíká rẹ̀, ó sì pa ju ogójì èèyàn lọ. Oṣù kẹwàá náà ni tiyín.

Mo padà lọ lọ́dún 2022. Mo sùn sí Manang lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dé orí La kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, kí afẹ́fẹ́ líle tó bẹ̀rẹ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀ sí Muktinath ní òdìkejì òkè lórí ẹsẹ̀ ara mi. Mo fi yangàn, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ̀kẹrin tí mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ jẹ mọ́ oúnjẹ àti omi, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ tún ètò yẹn kọ. Ẹ sùn sí Chame, ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sí Pisang, ẹ sùn síbẹ̀ náà, kí ẹ tó sùn sí Manang ní òru méjì ó kéré tán. Ẹ fi ọjọ́ méjì òfìfo sí i nítorí ojú ọjọ́, kí ẹ sì kọ genotype sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Àìkú. Mo ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, ó ti bímọ báyìí, ó sì gbà láti bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, aago mẹ́jọ.