Ìbéèrè ọmọ mi lálẹ́ àná

Mò ń lọṣọ lọ́wọ́ ni ọmọ mi wọlé tọ̀ mí wá. “Mọ́mì, kí ni ìhìnrere gan-an?”

Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọdé ní Bíbélì fún ọdún 8! Mo dáhùn wéré: ká máa ṣe rere, ká má purọ́, ká máa gbàdúrà.

Ó wò mí títí. “Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Iṣẹ́ ni.”

Ẹnu mi wọhò. Ọ̀rọ̀ náà kúkú ń pe ara rẹ̀: ìhìn. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ là ń mú ìhìn rẹ̀ wá.

Mo ṣí 1 Kọ́ríńtì 15:3-4 fún un. Kristi kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa, wọ́n sin ín, ó jíǹde ní ọjọ́ kẹta. Kò sí “ẹ lọ ṣe báyìí” kankan níbẹ̀. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ a máa lo euangelion, ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí ìhìnrere, fún ìròyìn ìṣẹ́gun láti ojú ogun. Ìránṣẹ́ á sáré wọ̀lú, á kígbe pé a ti borí. Àwọn tó wà nílé kò ju ọ̀kọ̀ kankan, síbẹ̀ tiwọn ni ìṣẹ́gun náà. Ìwà rere ńkọ́? Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ijó ṣe ń tẹ̀lé ìlù.

“Ṣé ó ti parí nìyẹn?”

Mo ní ó ti parí. Ó lọ sùn. Ìgbà yẹn ni mo tó gbóòórùn ọrùn ẹ̀wù tó ń jó lábẹ́ áyọ́ọ̀nù.