William Henry Monk, Ẹni Tó Fún Wa Ní Ohùn "Wà Bá Mi Gbé"

Níbi àìsùn, nídìí sàréè, nínú ìsìn alẹ́, bí wọ́n bá ti dá "Wà bá mi gbé", ta ló tún ń wá ìwé orin? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ni ohùn rẹ̀ la kì í dárúkọ, ó sì ń dùn mí, nítorí iṣẹ́ ńlá ni ọkùnrin náà ṣe.

London ni wọ́n ti bí Monk, ní 1823. Atẹdùùrù ni. Ní 1852 ó gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Matthias, Stoke Newington, ní London, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1889. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi orin ṣe ìsìn níbẹ̀, àwọn akọrin rẹ̀ kò sì gbowó. Ẹni tó bá ti darí akọrin tí kò gbowó rí yóò mọ bí iṣẹ́ náà ti tó.

Òun náà ló ṣe olóòtú ohùn orin inú Hymns Ancient and Modern, ìwé orin ìsìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1861. Henry Francis Lyte, àlùfáà ìlú Brixham ní England, ti fi ọ̀rọ̀ orin yìí sílẹ̀ ní 1847, ọdún tó kú. Àwọn kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni Monk fi kọ ohùn sí i. Ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀ sọ pé àsìkò ìbànújẹ́ ńlá ni, àwọn méjèèjì jọ ń wo oòrùn tó ń wọ̀, Monk sì mú bébà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ti ìyàwó ni mo gbà.

Ẹ wo ohùn náà fúnra rẹ̀. Nínú do re mi, kò ga ju la lọ, kò sì rẹlẹ̀ ju do lọ. Àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ ti há lè kọ ọ́ tán láìfipá. Mi mi re do, sol la sol sol fa mi: ìlà kìíní nìyẹn. Ìparí ìlà kejì ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: fa re mi fi sol. Fi kan ṣoṣo yẹn, ìyẹn fa tí a gbé sókè díẹ̀, ló ń gbé gbogbo ìjọ sókè, tí yóò fi dà bíi pé sol ti di ilé, ibi tí orin ti ń sinmi, dípò do. Ìlà kẹta tún bẹ̀rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, ó wá yà, ìkẹrin sì sọ̀ wá kalẹ̀ sórí do.

Ẹ̀yin tó ń dá orin yìí níbi ìsìnkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á jù. Èémí kan tó ìlà kan. Kí báàsì má sì bo fi yẹn mọ́lẹ̀.