Góòlù tó lu jára, ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, góòlù ò ṣàjèjì sí yín, àwọn èèyàn ń wà á ní Itagunmodi. Góòlù lèmi náà ń bá ṣiṣẹ́ ní Strasbourg níbí, ní Faransé, àmọ́ tèmi fẹ́lẹ́ débi pé tẹ́ ẹ bá dá mìlímítà kan sí ọ̀nà 5,000, ìdá kan péré ni, a wá dá a lu jára.

Ihò yẹn gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tójú wa ń rí gùn tó nanomítà 400 sí 700 (tẹ́ ẹ bá dá mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan ni nanomítà), ihò tiwa lè má ju 150 lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé ìmọ́lẹ̀ ò lè rọ́nà gba ihò tó kéré sí ìgbì ẹ̀ dáadáa, Hans Bethe, onímọ̀ físíìsì, ti ṣírò ẹ̀ láti 1944: ẹ sọ ihò di ìlàjì, ìdá tó ń kọjá nínú èyí tó bọ́ sójú ẹ̀ á já wálẹ̀ lọ́nà 16. Òun náà ni ò jẹ́ kí agbára inú máíkúróweefù tú jáde lára ilẹ̀kùn ẹ̀ tó nihò wínníwínní, torí ìgbì tiẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Thomas Ebbesen, wá rí nǹkan míì. Japan ló ti kọ́kọ́ rí i ní 1989, ìdí ẹ̀ ò yéèyàn, ó di 1998 kó tó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Fàdákà ni tiẹ̀, ihò 150 nanomítà tí wọ́n tò ní 900 síra, ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ihò náà lọ́nà 10 ń kọjá, èyí tó sì jáde lódìkejì ju èyí tó bọ́ sójú ihò lọ! Ọdún mẹ́sàn-án kéèyàn má jọ̀wọ́ ohun tójú ẹ̀ rí, mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an.

Nígbà tí mo wálé, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún Bàbá Kékeré, alágbẹ̀dẹ góòlù ni wọ́n n'Íléṣà. Wọ́n ní, "Èyí tó bọ́ sára góòlù fúnra ẹ̀ ńkọ́, ibo nìyẹn gbà?" Ẹ wò ó, ìdí ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n fọwọ́ bà yẹn! Mo ní, "Ẹ wo òrùlé yín sà, òjò tó bọ́ sórí páànù ò ṣòfò, gọ́tà ń kó o wá sínú dúróòmù." Ìmọ́lẹ̀ tó kan ojú góòlù á mi àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ojú ẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tíńtín tó ń gbé iná mànàmáná, ìgbì tí wọ́n ń pè ní surface plasmon á gbéra, á kó agbára yẹn dé ẹnu ihò, á sì tibẹ̀ yọ sódìkejì.

Wọ́n tún ní tá a bá wá ti àwọn ihò yẹn jìnnà síra ńkọ́? Àwọ̀ tó ń kọjá á yí padà. Kódà ohun tíńtín tó bá lẹ̀ mọ́ ojú góòlù náà lè yí i, ìyẹn la ṣe lè fi wá ohun tó ń fi àìsàn hàn nínú ẹ̀jẹ̀ láìpa á láró. Ohun tí mò ń lé nìyẹn, nínú òtútù yìí tílẹ̀ ń ṣú láago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kó dé ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Íléṣà, kí nọ́ọ̀sì kán ẹ̀jẹ̀ lé e, kí èsì jáde kí aláìsàn tó dìde lórí àga.