Irin yọ́, igi ò jó: ìtàn Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Oníràwọ̀

Oṣù Kejì ọdún 1668 ni iná sọ ní ààfin Hofburg ní Vienna, ní Ọ́stríà, apá ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ gan-an ló sì jó. Olorì Eleonora Gonzaga ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Opó ni, ọkọ ẹ̀ Ọba Ferdinand Kẹta ti kú láti 1657, Leopold ọmọ ọkọ ẹ̀ ló wà lórí oyè. Àpótí kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí ègé igi tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti Àgbélébùú Jésù wà nínú ẹ̀, ohun tí ilé Habsburg, ìdílé ọba Ọ́stríà, ti ń fi lé ara wọn lọ́wọ́ látìgbà pípẹ́, inú iná yẹn ló há sí. Nígbà tí iná kú, wọ́n tú eérú títí wọ́n fi rí i, irin ara àpótí ti yọ́, igi inú ẹ̀ ṣì wà. Ẹ gbọ́ o, irin yọ́, igi ò jó!

Ọdún yẹn náà ni Eleonora dá Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Oníràwọ̀ sílẹ̀, Póòpù Clement Kẹsàn-án fọwọ́ sí i. Obìnrin Àgùdà tó jẹ́ ọmọ ọlọ́lá nìkan ló wà fún, obìnrin ilé Habsburg náà ló máa ń ṣe olórí ẹ̀. Wọ́n á máa gbàdúrà, wọ́n á máa bọlá fún Àgbélébùú, wọ́n á máa tọ́jú aláìsàn àti tálákà, ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún àti ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án sì ni ọdún wọn. (Kì í ṣe àkọ́dá ẹ̀ o, ó ti dá Ẹgbẹ́ Ẹrú Ìwà Rere sílẹ̀ ní 1662.)

Báàjì ẹgbẹ́ yìí wá rèé, ó rẹwà jọjọ. Médàlì tó rí róbótó gígùn bí ẹyin ni, etí ẹ̀ yí ká ní àwọ̀ búlúù, ẹyẹ idì dúdú olórí méjì ti ìjọba wọn wà láàárín, wọ́n wá gbé àgbélébùú lé ẹyẹ yẹn láyà, lókè ẹ̀ ni wọ́n kọ Salus et Gloria sí, ìgbàlà àti ògo nìyẹn. Ríbọ́n dúdú tí wọ́n ta ní kókó ni wọ́n fi ń so ó mọ́ àyà òsì. Dúdú lásán, lára aṣọ sílíìkì olówó ńlá! Tẹ́ ẹ bá ń wo àwòrán àwọn obìnrin ààfin Ọ́stríà àtijọ́, ẹ wá ríbọ́n yẹn, ẹ máa rí i lára ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tó wú mi lórí ni pé àgbélébùú ló wà lórí ẹyẹ ọba, ẹyẹ ò gun orí àgbélébùú.

Àmọ́ ohun kan ń dùn mí. Kí obìnrin tó wọlé, wọ́n á tú ìdílé ẹ̀ wò, ṣé ọlọ́lá làwọn baba ńlá ẹ̀. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ tó ń gbàdúrà jù gbogbo wọn lọ ò lè fi í sáyà láéláé, bẹ́ẹ̀ Jésù tó ni igi yẹn, ọmọ káfíńtà ni. Ìgbà tí wọ́n gún Olorì Elisabeth ti Ọ́stríà pa ní Geneva ní 1898 ni ọkọ ẹ̀ Ọba Franz Joseph tó dá ẹgbẹ́ òmíràn sílẹ̀ lórúkọ ẹ̀, èyí tí obìnrin tí kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá náà lè gbà nítorí iṣẹ́ rere. Ọdún 230 gbáko! Lójú tèmi, Eleonora ì bá ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.