Ìyá Àgbà Ṣì Ni Ó Ni Ọmọ Rẹ̀

Láti ìgbà tí ọmọdébìnrin kan ará Ìdànrè ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Àkúrẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń jẹ́ kí ìyá àgbà rẹ̀ máa wá wò ó, nígbà tí ó jẹ́ pé èmi ni mò ń bọ́ ọ. Ìbéèrè náà máa ń dùn mí, bí ẹni pé ẹni tí ó gba ọmọ tọ́ ti ra ọmọ náà.

Ìgbàtọ́ yàtọ̀ sí ìgbàṣọmọ. Bí a bá gba ọmọ ṣọmọ, kóòtù yóò sọ ọ́ di ti ẹni tí ó gbà á, ṣùgbọ́n ọmọ àgbàtọ́ ṣì jẹ́ ti ẹbí rẹ̀, ó sì lè padà sọ́dọ̀ wọn bí apá wọn bá tún ká a. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, sọ pé ire ọmọ ni kí á kọ́kọ́ rò.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ó dé, kò sì tíì pẹ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Fún bí oṣù kan, kò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ó sì máa ń tọ̀ sílé. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọn kò rí àìsàn kankan. Ìyá àgbà ni ó là wá lójú: ó ní kí ọmọ náà tó sùn lálaalẹ́, ìyá rẹ̀ máa ń kì í ní oríkì ìdílé wọn. Màmá kọ́ mi ní oríkì náà, ní èdè Ìdànrè gan-an. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ọmọ náà sì tún un ṣe fún mi. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ gígùn àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí ó kọ́kọ́ wá kọ nǹkan sínú fáìlì, kò sì bi ọmọ náà ní ohunkóhun. Èyí tí ó tẹ̀ lé e yàtọ̀: ó máa ń ní kí n jáde kí òun àti ọmọ náà lè jókòó sọ̀rọ̀, òun náà ni ó sì bá wa rí sí ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀, lẹ́yìn tí àbúrò ìyá rẹ̀, tí ó ń dáko kòkó, ti wá káàdì tí wọ́n fi bí i jáde. Àbúrò ìyá yìí kan náà ni ó máa ń ra bàtà àti ìwé rẹ̀ nígbà tí ó bá ta kòkó tán.

Bí ìjọba bá bi mí pé kí ni wọn yóò ṣe fún wa, owó ọkọ̀ ìyá àgbà láti Ìdànrè ni n óò kọ́kọ́ dárúkọ. Ní oṣù tó kọjá, kò rí owó náà san. Láti ìyálẹ̀ta ọjọ́ Sátidé títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà jókòó sí.