Má kàn dákẹ́ kó o pòórá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì ìjọba, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní 100 level àti 200 level, ìyẹn ọdún kìíní àti ọdún kejì, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin ni mo lọ kà, Microbiology, Jánúárì 2012 ni mo wọlé, Sẹ̀tẹ́ńbà 2018 ni wọ́n tó fọwọ́ sí rísọ́ọ̀tì mi tán. Àwa mẹ́fà la jọ gbé yàrá kan nígbà tá a wọlé. Àwọn mẹ́ta jáde lásìkò, èmi jáde lẹ́yìn wọn, àwọn méjì ò jáde títí dòní, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe olódo o, ọ̀kan nínú wọn ló máa ń kọ́ gbogbo wa ní Physics lálẹ́. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Wọ́n kàn lọ sílé lọ́jọ́ kan ni, wọn ò padà mọ́, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n láti yunifásítì pé ibo lẹ wà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ gan-an nìyẹn. A máa ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé wa torí màgòmágó ìdánwò tàbí torí CGPA, ìyẹn ìṣirò gbogbo máàkì èèyàn pa pọ̀, tó ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí mo fojú ara mi rí tí wọn ò jáde, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn jáde wẹ́rẹ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè wọ́n á ka iye àwọn tó ní first class, gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́, mi ò tíì jókòó síbi tí wọ́n ti ka iye àwọn tó bá wọn ṣe matriculation, ayẹyẹ ìgbàwọlé, tí wọn ò sí níbẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kémi náà wà lára wọn.

100 level ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ JAMB kí n tó wọlé, inú mi wá dùn débi pé mo rò pé èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà ti parí. A pọ̀ rẹpẹtẹ nínú MTH 101, àwọn ọmọ ẹ̀ka bíi márùn-ún nínú gbọ̀ngàn kan, ẹni tí ò bá tètè dé, ojú fèrèsé ló máa dúró sí, lẹ́kítọ̀ ń sọ̀rọ̀ níwájú a ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn. Mo gba F nínú MTH 101, mo tún gba F nínú CHM 101. Àwọn àgbà hóstẹ́ẹ̀lì ní kí n má dààmú, pé carryover, ìyẹn kọ́ọ̀sì téèyàn gba F nínú ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, kì í pààyàn. Òótọ́ ni, kì í pààyàn, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ìyókù fún mi. Ẹ wò ó, iye unit, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí kọ́ọ̀sì ṣe tóbi tó, téèyàn lè forúkọ sílẹ̀ fún ní sẹ̀mẹ́sítà kan ní gbèdéke, 24 ló ga jù, 15 ló kéré jù, tó o bá wá ń gbé carryover méjì wọ 200 level, àyè tí wọ́n ń gbà, àyè kọ́ọ̀sì tuntun ni, o ní láti sún kọ́ọ̀sì 200 level kan síwájú, ìyẹn náà á wá di gbèsè 300 level. Yàtọ̀ síyẹn, wákàtí tí 100 level ń ṣe MTH 101 lè jẹ́ wákàtí kan náà tí ìwọ ń ṣe kọ́ọ̀sì tìẹ, o ò lè wà níbi méjì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ẹni tí ò bá wá kíláàsì tó 75% kò gbọdọ̀ kọ ìdánwò. Bí méjì ṣe ń di mẹ́rin nìyẹn. Ẹni tó bá ní F ní 100 level, kó yáa wá àwọn tó mọ̀ ọ́n jókòó tì kíá, ọdún yẹn gan-an, kó má dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tó di 2013, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Júláì ọdún yẹn náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ó di ọjọ́ 17 oṣù Disẹ́ńbà kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù márùn-ún ààbọ̀. Mi ò lè jókòó sílé kí n máa wo màmá mi, mo lọ sí Bódìjà n'Íbàdàn níbi tí wọ́n ti ń ta pákó, mò ń báwọn ru pákó sínú ọkọ̀, owó ń wọlé lójoojúmọ́, owó oògùn bàbá mi látibẹ̀ ló ti ń wá. Nígbà tí wọ́n pè wá padà ní Jánúárì 2014 mo jókòó mo ṣírò owó iléèwé, owó ilé, owó oúnjẹ, mo rí i pé tí mo bá lọ, oògùn máa dúró. Mo sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí oṣù mẹ́ta ṣe ń di ọdún kan. Mi ò sọ fún HOD, olórí ẹ̀ka wa, mi ò sọ fún course adviser, olùkọ́ tó ń gbà wá nímọ̀ràn lórí kọ́ọ̀sì, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí títí ó sú wọn, ojú ń tì mí ni. Bàbá mi kú ní Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún náà.

Jánúárì 2015 ni mo padà. Mo tẹ matric number mi sórí portal, kò wọlé. Akọ̀wé tó wà lọ́fíìsì wo ìwé kan, ó ní wọ́n ti kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó ti fi yunifásítì sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ tí course adviser wa sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Màmá náà wò mí, wọ́n ní, "Kí ló dé tó ò kọ lẹ́tà?" Mo ní lẹ́tà wo mà? Wọ́n ní ṣé o ò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsàn tàbí owó tàbí ọ̀fọ̀ bá dé bá lè kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ dá ẹ̀kọ́ òun dúró fúngbà díẹ̀, á ti ọ̀dọ̀ HOD dé faculty, á dé Senate, ìgbìmọ̀ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, wọn ò ní ka ọdún yẹn mọ́ ẹ lọ́rùn. Mo wà ní yunifásítì fún ọdún méjì, mi ò gbọ́ ọ rí. Ó wà nínú ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pín fún wa lọ́jọ́ matriculation o, mi ò kà á ni.

Ìdí tí kíka ọdún fi ṣe pàtàkì ni pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin ò gbọdọ̀ kọjá ọdún mẹ́fà. Tó o bá kàn pòórá, ọdún ń kà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́, èmi ni mo fara gbá a. Màmá yẹn ló bá mi tún lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo so ìwé ilé ìwòsàn bàbá mi àti ìwé ẹ̀rí ikú wọn mọ́ ọn, ó tó oṣù mẹ́ta kí èsì tó dé, wọ́n gbà mí padà, wọ́n sì ka ọdún tí mi ò sí sí ìsinmi. Ká ní wọn ò kà á bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá má lè parí.

Èyí tó tún dá mi dúró lẹ́yìn náà kéré gan-an, ìyẹn ló ṣe ń dùn mí jù. 2017, mo ti wà ní 400 level, mo ti san gbogbo carryover, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ń jáde mọ́ ara ògiri, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. GST kan báyìí, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, ti 100 level, oní-unit méjì, mo kọ ìdánwò ẹ̀ ní 2012, máàkì ẹ̀ ò wọlé, àyè ẹ̀ ṣófo lórí portal fún ọdún márùn-ún, mo ń rí i, mo rò pé á tún ara ẹ̀ ṣe. Wọn ò rí ìwé ìdánwò mọ́, wọn ò rí ìwé tá a fọwọ́ sí nínú gbọ̀ngàn. Mo tún un forúkọ sílẹ̀, mo tún un kọ, odidi ọdún kan lórí unit méjì. Mo pé ọmọ 30 ọdún ní Máàṣì 2018, ẹni tó bá sì ti lé ní 30 kó tó jáde kì í ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́, ìwé ìdásílẹ̀ ni NYSC ń fún un. Oṣù mẹ́fà ni mo fi kọjá ẹ̀. Torí náà lópin sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan ẹ tẹ rísọ́ọ̀tì yín jáde, ẹ fọwọ́ tọ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, èyí tí máàkì ẹ̀ ò bá sí, ọ̀sẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ lọ bá wọn, nígbà tí ìwé ìdánwò ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Nígbà tiwa kò sí NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Oṣù Épírì 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tó wà báyìí, kò ní èlé, yunifásítì ni wọ́n ń san owó iléèwé fún tààrà, ẹni tó bá tún béèrè owó ìtọ́jú ara, 20,000 náírà lóṣù. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Kò lè tán gbogbo ìṣòro, 20,000 ò ra nǹkan púpọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n ká ní mo rí i ní 2014, mi ò ní fi yunifásítì sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn ni pé wọ́n máa ń wò ó bóyá orúkọ yín wà nínú àkọsílẹ̀ yunifásítì yín. Ẹni tó ti pòórá lórí portal, ibo ni wọ́n ti máa rí i?

Ẹ̀yin tí ìyanṣẹ́lódì tún lè bá, ti 2020 bẹ̀rẹ̀ ní Máàṣì ó parí ní Disẹ́ńbà, ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 Fẹ́búárì ó di ọjọ́ 14 Ọkítóbà, mo mọ àwọn tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tó ń ṣe POS, tí wọn ò padà. Iṣẹ́ dáa. Tówó bá ń wọlé tó ò sì fẹ́ padà lọ́dún yìí, ṣáà kọ lẹ́tà náà, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí fún ẹ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, "ṣé o ò tíì jáde ni?" yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ìtìjú ló ń jẹ́ kọ́mọ máa pa irọ́ pé òun ń lọ kíláàsì. Ẹ bi í pé kọ́ọ̀sì mélòó ló kù.

Lẹ́tà náà kò le. Ẹ kọ ọ́ sí Registrar, kó gba ọ̀dọ̀ HOD àti Dean, olórí faculty, kọjá, ohun tó máa wà nínú ẹ̀ ni orúkọ, matric number, sẹ́ṣàn tẹ́ ẹ fẹ́ fi sinmi, ìdí ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà. Ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, torí fáìlì máa ń sọnù.

Àbúrò mi obìnrin wà ní 200 level báyìí. Àná la jọ ṣí portal ẹ̀, GST 100 level kan ò ní máàkì. Ó máa lọ bá wọn láàárọ̀ Mọ́ńdè.