Ìṣẹ́jú Méjìlá Tí Mo Fẹ́ Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ bá mi yin Olúwa. Pásítọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni kí ẹ̀rí máa jẹ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi tèmi jì mí lónìí.

Ó lé ní ọdún méjì tí ẹ ò fi rí mi nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: pé ọkọ mi lé mi, pé wọ́n fẹ́ dá mi padà sí Nàìjíríà. Rárá o. Ẹjọ́ ni mò ń rò, níwájú NMC, àjọ tí ìwé orúkọ gbogbo nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Ìlú Ọba wà lọ́wọ́ wọn.

Oṣù kẹta ọdún 2021 ni. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n ò ní dárúkọ wọn. Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà ní dútì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní nǹkan bí aago márùn-ún, mò ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn lọ, fóònù ń dún, aago ẹnu ọ̀nà ń dún, ọmọ ẹnì kan ń bi mí pé bàtà ìyá òun dà. Màmá méjì wà níbẹ̀ tí orúkọ ìdílé wọn jọra. Gliclazide, oògùn àtọ̀gbẹ ti màmá kìíní, ni mo gbé fún èkejì, ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá. Fọ́tò wọn wà lára ìwé oògùn. N ò wò ó. Kí n má purọ́ níwájú pẹpẹ.

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo padà débi oògùn màmá kìíní, tí mo rí i pé àyè rẹ̀ ti ṣófo. Ara mi tutù. Mo sáré lọ gún màmá kejì níka láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 3.1. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níbí mọ̀ pé bí ṣúgà bá ti wọ ìsàlẹ̀ 4, nǹkan ti bàjẹ́. Oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mo fún un ní omi ọsàn, ó mu ún. Lẹ́yìn náà mo wọ yàrá oògùn, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo dúró. Mò ń wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Mò ń ro ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san gbèsè rẹ̀. Mò ń ro màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń fi mí yangàn káàkiri ọjà. Ìgbà tí mo máa fi pe 999 fún áńbúláǹsì, aago mẹ́fà ti kọjá ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n.

Màmá náà sun ọsibítù mọ́jú, ó padà dé lọ́jọ́ kẹta, tíì ló kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ ìyẹn ná, torí ká ní ó bá a lọ ni, ẹ̀rí wo ni n bá wá jẹ́?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé 6:20 ni mo pe áńbúláǹsì. Ìyẹn ló di ẹjọ́. Àṣìṣe oògùn ṣeé bá èèyàn sọ, ṣùgbọ́n irọ́, wọn kì í fojú kékeré wò ó. Wọ́n lé mi níbi iṣẹ́, wọ́n fẹjọ́ mi sun NMC, ẹ̀sùn tó wá dé ni pé mo kọ aago yẹn láti fi tan èèyàn jẹ. Wọ́n tún fi àṣẹ sórí iṣẹ́ mi kí ẹjọ́ tó parí: n ò gbọdọ̀ fún aláìsàn lóògùn láìsí nọ́ọ̀sì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè tó oṣù méjìdínlógún, bó bá sì fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ ni wọ́n á ti lọ gba ìyọ̀ǹda. Ta ló fẹ́ gba nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́? Mo lọ ń gbálẹ̀ ilé ìwé. Mo sì gbá a mọ́ o.

Ìjọ gbàdúrà fún mi, ẹ ṣeun. Àwọn kan ní kí n máa jí lóru, kí n máa sun ọ̀tá níná. Mo jí. N ò rí ọ̀tá kankan. Bí mo bá ti dijú, yàrá oògùn yẹn ni mò ń rí.

Ẹni tí Ọlọ́run rán sí mi kì í tiẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan ni, láti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí mò ń dáwó sí lóṣooṣù. (Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má fowó ẹgbẹ́ ra bàtà.) Ó ní kí n kọ èrò ọkàn mi lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, pé ìgbìmọ̀ máa kà á. Mo kọ ojú ewé mẹ́fà. Mo kọ bí òṣìṣẹ́ ò ṣe tó, bí mánéjà ò ṣe gbọ́ tiwa, bí orúkọ ṣe jọra. Òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Ó kà á tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ibo lo wà nínú ẹ̀?" Ó bi mí pé kí ni mo ṣe láti 6:20 sí 6:32. Mo ní mò ń wá fóònù. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Mo bú sẹ́kún.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un kọ. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ìlà kejì ló ti wà pé ẹ̀rù bà mí, mo ro tara mi kí n tó ro ti màmá yẹn. Mo tún ẹ̀kọ́ oògùn kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ nọ́ọ̀sì méjì kí wọ́n kọ̀wé nípa mi, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn náà, torí ìwé ẹni tí ò mọ ohun tí wọ́n fi kàn ọ́ kò wúlò níbẹ̀. Kí n na ẹ̀sùn yẹn sí ọmọbìnrin tó ń pè mí ní Anti, kó máa kà á lójú mi: ìtìjú yẹn ju ẹjọ́ gan-an lọ.

Oṣù kẹfà 2023 la jókòó, ọjọ́ márùn-ún, lórí fídíò. Ẹni mẹ́ta ni ìgbìmọ̀: nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì náà wà. Agbẹjọ́rò kan ń ṣàlàyé òfin fún wọn, ṣùgbọ́n kì í bá wọn dá ẹjọ́. Yàrá àwọn ọmọ ni íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Ọkọ mi fi ìró ankara bo àwòrán Arsenal tó wà lẹ́yìn mi.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ta tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó hùwà àìṣòótọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílùú yìí ló dá a ní 2017. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ohun tí onítọ̀hún mọ̀ tàbí tó gbà gbọ́ lákòókò yẹn, wọ́n á wá bi ara wọn pé kí ni ọmọlúwàbí máa pe ohun tó ṣe. Tẹ́tẹ́ tí màmá mi ò jẹ́ ká fojú rí!

Alága bi mí léèrè ìṣẹ́jú méjìlá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má wolẹ̀, pé ohun tí àwa ń pè ní ìbọ̀wọ̀, wọ́n lè rò pé mò ń sá ni. Mo gbójú sókè. Mo ní, "Mo fún un ní omi ọsàn, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí, mo dúró."

Ìwé àwọn áńbúláǹsì ló gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pé bí wọ́n ṣe wọlé ni mo ti sọ oògùn tí mo ṣì fún un àti ìgbà tí mo fún un. Ìgbìmọ̀ ní ẹni tó fẹ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀ ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn irọ́ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ní ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn kò dára, ó sì burú tó láti pè ní ìwà àìtọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó síwájú àwọn lónìí, kò sí ewu bó bá tọ́jú aláìsàn. Wọn ò yọ orúkọ mi, wọn ò dá mi dúró, ìkìlọ̀ pàápàá wọn ò fún mi. Àṣẹ tó wà lórí iṣẹ́ mi dópin. Ọkọ mi tó ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pariwo, mo ń ṣẹ́wọ́ sí i pé kó dákẹ́, ẹ̀rọ ò tíì kú.

Mo ti wà ní wọ́ọ̀dù báyìí. Kí n tó fún èèyàn lóògùn, mo máa béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí, mo máa wo okùn orúkọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Bàbá kan jágbe mọ́ mi lọ́jọ́bọ̀ pé ṣebí mo bi òun lánàá. Mo ní ẹ má bínú, bàbá, ẹ tún un sọ.

Ẹ bá mi dúpẹ́ o. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín wà ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ mi lé mi náà, ẹ wá jẹun. Òun ló sè é.